Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Fi Ọwọ́ Méjèèjì Fún Àgbà

Ẹ̀yìn Ọjà Igbó,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé lẹ́tà ni mo kọ sí ọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, mo sì sọ fún ọ pé àlàáfíà la wà, pé òjò ti bẹ̀rẹ̀, pé ewúrẹ́ Ìyá Bísí tún ti jẹ ẹ̀fọ́ mi. Irú ọ̀rọ̀ tí mo máa ń rí sọ lórí fóònù nìyẹn. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ báyìí, ọ̀rọ̀ gidi á sá pamọ́, àyà mi á sì máa já pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fẹ́ gé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra pépà, tí mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ọmọ pásítọ̀ wa tó ń padà sí Ìlú Ọba lọ́sẹ̀ yìí ni yóò bá mi mú un wá. Fi sùúrù kà á, ó gùn.

Àárò rẹ ń sọ mí. Jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná, kí n tó gbé ọ̀rọ̀ àgbà dé. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀, ìwọ nìkan ni mo máa ń rí bá jà nínú ilé yìí, ilé sì tóbi jù fún ẹni tí kò rí ẹni bá jà. Káṣú inú ọgbà ti so. Nígbà tí o wà nílé, n kì í rí èyí tó pọ́n he, ìwọ àti àwọn àdán lẹ máa ń pín in. Ní báyìí, wọ́n ń já bọ́ fúnra wọn, èmi ni mo sì ń gbá wọn dànù. Mo ṣì máa ń pọn omi ìwẹ̀ méjì láàárọ̀ Sátidé. Ìgbà tí mo bá pọn èkejì tán ni mo máa ń rántí pé o ò sí nílé.

Nígbà tí o sọ fún mi pé wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ya àwòrán ibùdó iná tí wọ́n máa ń gbé sáàárín òkun, ẹ̀rín ni mo rín. Ìwọ tí alángbá máa ń lé wọlé! Ṣùgbọ́n inú mi dùn ju bí mo ṣe fi hàn lọ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ibùdó iná ìlú yìí. O mọ géètì rẹ̀, o mọ bí ó ṣe máa ń hó wùùù láìsinmi. Nígbà tí o wà ní kékeré, ibẹ̀ lo máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán mi wá, wàá sì béèrè pé ta ló ń kùn nínú irin ńlá yẹn. Mo ní tiransifọ́mà ni. O ní kí ló ń bí i nínú.

Ìwọ náà lo fi sùúrù ṣàlàyé èyí tó wà lórí òkun fún mi títí ó fi yé mi. O ní àwọn fáànù gàgàrà dúró lójú omi, atẹ́gùn ń yí wọn, iná tí wọ́n ń mú jáde á gba inú wáyà abẹ́ omi lọ sí ilé irin kan tó fẹsẹ̀ mẹ́rin dúró sínú òkun. Ibẹ̀ ni tiransifọ́mà yóò ti gbé agbára iná náà sókè kí ó lè rin ọ̀nà jíjìn dé èbúté. Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fojú rí òkun rí, n kò sì fẹ́ràn bí ó ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi tó tún ń padà. Mo wá ń ro ó pé, ibùdó iná tiwa, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èèyàn á sáré jáde bọ́ sójú títì. Àwọn tí yóò wà nínú tiyín, omi ni yóò wà níwájú, omi lẹ́yìn. Ojú títì wọn ni ọ̀nà tí ìwọ Àbẹ̀kẹ́ bá yà fún wọn lórí pépà.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà ni èyí tí o sọ gbẹ̀yìn lọ́jọ́ Àìkú, tí o sọ wéré bí ẹni pé kò tó nǹkan. O ní, "Bàbá, ọ̀nà àbájáde méjì ló wà nínú àwòrán tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ̀kan kúrò, wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ mìíràn síbẹ̀. Èyí tó kù, iwájú ilẹ̀kùn tiransifọ́mà gan-an ló gbà kọjá."

Mo ní, "Bí tiransifọ́mà bá wá gbiná ńkọ́? Ta ló máa gba iwájú rẹ̀ kọjá?"

O ní, "Ọ̀gá wa ní kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀, pé ìgbà díẹ̀ lọ́dún ni wọ́n máa ń lọ tún un ṣe. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Èmi ni mo máa fọwọ́ sí apá ti ààbò."

"Ṣé ìwọ fara mọ́ ọn?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni wọ́n, Bàbá. Àwọn ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Ìyàwó wọn ló ra kóòtù òtútù fún mi. Mi ò lè wo ojú wọn kí n ní rárá. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé níbẹ̀. Mo gbé fóònù lọ́wọ́ títí ó fi gbóná. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi ni mo ní kí o máa kúnlẹ̀ kí gbogbo ẹni tó bá jù ọ́ lọ, kí o máa fi ọwọ́ méjèèjì fún àgbà ní nǹkan, kí o má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. N kò ní kí o gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ẹ̀kọ́ náà ti gbọ́dọ̀ dúró, n kò sì fi ibẹ̀ hàn ọ́ rí, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtìjú mi wà.

O mọ Bàbá Ọ̀yọ́, Súlè ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, o mọ̀ pé kò ní ọwọ́ ọ̀tún. Ohun tí a sọ fún ọ láti kékeré ni pé iná ló gbé e lẹ́nu iṣẹ́. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n a bù ú kù.

Èmi àti Súlè jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, kí n tó mọ ìyá rẹ rárá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọmọ àáfà. Èmi jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Ìrẹsà. Inú yàrá kan náà là ń gbé, àwo kan náà la fi ń jẹun. Ọ̀gá wa ni Bàbá Akin. Bàbá yẹn ló bá mi wá iṣẹ́ náà, ilé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé, ìyàwó rẹ̀ ló ra aṣọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún mi. Nígbà tí o sọ̀rọ̀ kóòtù lórí fóònù, ọkàn mi ti lọ síbẹ̀.

Òfin kan wà ní ibùdó wa. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gun òpó, ẹnì kejì rẹ̀ á já iná, á fi àgádágodo ti súìṣì náà pa, á sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yẹn kò gbọdọ̀ kúrò lápò ẹni tó wà nílẹ̀ títí ẹni tó wà lókè yóò fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ọba kò gbọdọ̀ gbà á. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún wa nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìlú ti wà lókùnkùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sán gangan ni. Súlè wà lórí òpó tó wà lẹ́yìn ọgbà, ó ń so wáyà tó já. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Àwọn ìyá elẹ́ja láti Ọjà Igbó ti dé ẹnu géètì pẹ̀lú páálí ẹja tó ti ń yọ́, wọ́n ń pariwo lé Bàbá Akin lórí. Ó sì ti bá mi wí láàárọ̀ ọjọ́ náà pé mo pẹ́ dé, mo wá ń wá bí n óò ṣe ṣe ọmọ dáadáa lójú rẹ̀. Bàbá jáde láti ọ́fíìsì, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn wá."

Ó rò pé iṣẹ́ ti parí ni. Kò mọ̀ pé Súlè ṣì wà lókè. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló yẹ kó ti ẹnu mi jáde: Súlè wà lókè, sà. Mo sì ti lanu. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá le, ọwọ́ rẹ̀ wà níta, mo sì wò ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń kọ́ àgbà níṣẹ́ ló máa rí. Mo ní bóyá ó mọ nǹkan tí n kò mọ̀. Mo tẹ̀ ba, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Bàbá ṣí súìṣì, ó tan iná. N kò ní sọ bí igbe Súlè ṣe rí. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n dókítà kò rí ọwọ́ náà gbà là.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ń bọ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá láti òkè wá ṣe ìwádìí, wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀. Mo kọ ọ́ pé Bàbá Akin já kọ́kọ́rọ́ gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá kà á, ó wò mí, ó sì dá ìwé náà padà fún wọn. Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Ó padà sí abúlé rẹ̀, ó sì kú síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ̀bi mi wà lọ́rùn rẹ̀.

Èmi wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ọ̀yọ́ ní gbogbo Sátidé. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún Súlè. Màá wọ mọ́tò láàárọ̀, màá to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ lẹ́nu, màá sì dé ilé wọn lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán pẹ̀lú máńgòrò nínú àpò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló máa ń ṣílẹ̀kùn. "Ẹ tún ti dé? Ṣé kò sí iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?" Ìyá rẹ nìyẹn. Bí ó ṣe ń bá mi ṣàwàdà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo tò ń tú ká. Àforíjì ni mo wá tọrọ, mo wá ń tọrọ ìyàwó. Wọ́n fún mi ní ìyàwó, àforíjì ni n kò tọrọ. Ìyá rẹ kò mọ̀ títí ikú fi mú un lọ. Òun ni mo ń rò jù bí mo ṣe ń kọ èyí, torí mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì bá a gbé pẹ̀lú irọ́ yìí.

Ní báyìí, gbọ́ ìmọ̀ràn bàbá rẹ.

Èkíní, máa bọ̀wọ̀ fún àgbà tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n má fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ìbuwọ́lùwé rẹ ni kọ́kọ́rọ́ tìrẹ. Bí ẹnì kan bá ṣì kù lókè, má mú un jáde. Wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Lọ bá ọ̀gá rẹ ní òun nìkan. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oore tó ṣe, sọ̀rọ̀ kóòtù, kí o wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò lè fọwọ́ sí i." Kúnlẹ̀ bí ó bá wù ọ́. Òyìnbó náà lè rò pé nǹkan rẹ já bọ́ sílẹ̀ ni ò ń wá, ṣùgbọ́n kí ó ti orí ìkúnlẹ̀ yẹn gbọ́ rárá.

Èkejì, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀. Súlè náà kò gbé orí òpó. Kò lò tó wákàtí kan níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tẹ́ àwòrán yẹn sílẹ̀, kí o di ojú rẹ, kí o fi ìka wá ọ̀nà jáde. Èéfín tiransifọ́mà dúdú, epo inú rẹ̀ ló ń jó, o ò ní rí ọwọ́ ara rẹ. Bí ìka rẹ bá sọnù lórí pépà, ènìyàn á sọnù nínú ilé náà. Kí o sì béèrè àwọn nǹkan tí àwa arúgbó máa ń béèrè. Bí epo bá dà, ibo ló ń ṣàn lọ? Ṣé ògiri gidi wà láàárín iná àti yàrá tí wọn yóò sá sí? Bí ìgbì kò bá jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi sún mọ́ wọn fún ọjọ́ méjì, ṣé oúnjẹ àti omi wà? Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun yẹn ńkọ́? Àkàbà irin tí iyọ̀ bá ti jẹ kì í sọ fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n kọ́ wa pé ètè tí kò dákẹ́ ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ti ètè tó dákẹ́, tó sì mú ọ̀ràn bá ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo ń kọ́ ọ ní ìyẹn báyìí, ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo ń kọ́ ọ.

Bóyá iṣẹ́ náà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ. N kò ní tàn ọ́ jẹ, ó ṣeé ṣe. Bí ó bá bọ́, máa bọ̀ nílé. Káṣú wà, yàrá rẹ wà, mo ń gbá a lójoojúmọ́. Kì í ṣe pé mo ń gbàdúrà kí ó bọ́ o. Àní, mo gbà á ládùúrà lẹ́ẹ̀kan, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Máa jẹun. Má fi tíì nìkan wọ ọ̀sán. N kò rántí iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà mọ́.

Ibí ni mo bá a dé lánàá. Mo kà á látòkè délẹ̀, ojú tì mí. Mò ń sọ fún ọmọ mi pé kí ó wo ojú àgbà kí ó sòótọ́, èmi fúnra mi kò sì tíì wo ojú Súlè sòótọ́ láti bí ọgbọ̀n ọdún ó lé. Mo bá wọ mọ́tò láàárọ̀ yìí, ó di Ọ̀yọ́. Mo bá a nínú ìsọ̀ rẹ̀ níbi tó ti ń ta bàtà aláwọ lẹ́yìn Akẹ̀sán. Mo ní mo fẹ́ ka lẹ́tà kan fún un. Mo kà á fún un tán.

Ó ń fi ìka òsì nu bàtà kan tí kò dọ̀tí. Ó ní, "Mo rí ọ."

"O rí mi níbo?"

"Ṣebí òkè ni mo wà. Kò síbi tí mi ò rí nínú ọgbà yẹn. Mo rí ẹ bí o ṣe tẹ̀ ba, tó o fọwọ́ méjèèjì fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Mo rí Bàbá Akin bí wọ́n ṣe ń lọ sídìí súìṣì."

"Súlè! Kí ló dé tó ò kígbe?"

"Kí n kígbe mọ́ Bàbá Akin? Èmi, láti orí òpó? Mo ní àgbà mọ nǹkan tó ń ṣe. Mo ní bóyá súìṣì mìíràn ni wọ́n fẹ́ ṣí. Kí n tó ronú tán..." Ó gbé apá aṣọ tó ṣófo náà sókè, ó sì jẹ́ kó padà sílẹ̀.

Mo ní, "O mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, o ò sì sọ fún mi?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ò ń wá ní gbogbo Sátidé. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, o ò ní wá mọ́."

Àbẹ̀kẹ́, mo sunkún nínú ìsọ̀ bàtà. Mo ti tọrọ àforíjì náà báyìí, ó sì ti fún mi. Ti Bàbá Akin ló kù, n óò lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní abúlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Súlè ní kí n fún òun ní báírò, pé ó ku ohun tí lẹ́tà náà kò sọ. Mo fi ìyókù ojú ìwé yìí sílẹ̀ fún un.

Èmi bàbá rẹ, tí mo ṣì ń pọn omi méjì.

Àbẹ̀kẹ́, Bàbá Ọ̀yọ́ rẹ ni. Má bínú, ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́. Gbogbo nǹkan tí mo fi ọwọ́ òsì fún ọ láti kékeré, o kúnlẹ̀ gbà á, o ò wò mí kọ̀rọ̀ rí. Gba èyí náà. Mo wà lókè, mo rí i, mi ò kígbe. Ìwọ lo wà lókè báyìí, ìwọ lo rí i. Kígbe, ọmọ mi.